Ẹ ṣọ́ra fún ọmọkùnrin tó ń ta akáǹtì géèmù kiri ní Òṣogbo yìí

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá Call of Duty Mobile, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gba ₦45,000 lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé mo gọ̀ ni wọ́n fi rí i gbà. Mo ṣọ́ra dé ibi tí mo mọ̀, ibi tí mi ò mọ̀ ni ọmọ náà gbà wọlé.

Onígbàjámọ̀ ni mí ní Ayétòrò. Tí kò bá sí oníbàárà, géèmù yìí ni mò ń gbá, láti ọdún 2019 tó ti jáde. Ẹlòmíì ń mu ẹmu, tèmi nìyẹn. Akáǹtì tèmi kò ní ìbọn gidi kan, owó tí wọ́n sì fi ń ra CP, ìyẹn owó inú géèmù náà, títí ìbọn Mythic ẹyọ kan, irú tó ṣọ̀wọ́n jù, yóò fi bọ́ síni lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tí àwa kan fi ń ra akáǹtì tí ẹlòmíì ti kó ìbọn sí. Ọmọ kan tó ń gẹrun lọ́dọ̀ mi ló fún mi ní nọ́ńbà ọmọkùnrin yìí. Ó pè é ní ₦60,000, mo dúnàá dúrà, a parí ẹ̀ sí ₦45,000.

Mo ní a gbọ́dọ̀ fojú kan ara wa. Ó wá. Abẹ́ bíríìjì Ọláìyá la ti pàdé, lọ́sàn-án gangan. Ọmọ tó mọ èèyàn kí ni: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fọkàn balẹ̀, full access ni, first mail wà níbẹ̀." Àwa tí a ń ra akáǹtì máa ń rò pé a ti gbọ́n tí a bá ti gbọ́ first mail, ìyẹn ímeèlì tí ẹni àkọ́kọ́ fi ṣí akáǹtì náà. Ó sì gbé e fún mi lóòótọ́, Gmail pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀. Lójú ẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, mo yọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀ kúrò, mo fi tèmi sí i. Bí mo ṣe ń gun ọ̀kadà padà sí ṣọ́ọ̀bù, inú mi ń dùn sí ọgbọ́n ara mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí: tí èèyàn bá pààrọ̀ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń gba Gmail padà, Google ṣì lè fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àtijọ́ fún ọjọ́ 7. Wọn ò fi ibi ṣe é. Tí olè bá wọ Gmail yín tó sì pààrọ̀ nọ́ńbà, wọ́n fẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà gbà á padà ni. Àmọ́ ẹ wò ó, lójú Google, èmi gan-an ni mo jọ olè: àjèjì tó ṣàdédé wọlé láti orí fóònù tuntun, tó yí gbogbo nǹkan padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn lọ jókòó, ó ń ka ọjọ́.

Àmì kan tiẹ̀ ti hàn tí mi ò kà sí. Lọ́jọ́ kejì, mo wà láàárín ìjà, géèmù lé mi jáde, ó ní ẹnìkan ti wọlé láti orí fóònù míì. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àṣé akáǹtì kan lè ní ju ìlẹ̀kùn kan lọ: wọ́n lè so ó mọ́ akáǹtì Activision, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà, kí wọ́n tún so ó mọ́ Facebook. Kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn kan ló fún mi, ti èkejì wà lápò ẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ń gẹrun oníbàárà lọ́wọ́, fóònù ní kí n tún Gmail náà wọ̀. Pásíwọ́ọ̀dù tí mo mọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo pe ọmọ náà, kò lọ. Ìlà tí mo fà síwájú orí oníbàárà yẹn wọ́ débi pé mi ò lè gba owó lọ́wọ́ ẹ̀.

Owó tí mo san ńkọ́? Orúkọ obìnrin ló wà lórí akáǹtì báńkì tó ní kí n san án sí. Ó ní ìyá òun ni. Mo wádìí títí mo fi bá obìnrin náà nítòsí Ìgbọ̀nà: oní-POS ni! Owó wọlé, ó ka kéèṣì fún ọmọ náà, ó yọ owó iṣẹ́ ẹ̀, ó parí. Ẹ̀rù bà á ju èmi tí wọ́n jà lólè lọ. Mo tún fẹ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni géèmù, ni mo bá kọ́kọ́ ka òfin wọn. Wọn ò fàyè gba kí a ta akáǹtì tàbí kí a rà á. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ẹni tó ta ohun tí kò yẹ kó tà fún mi ti jí ohun tí kò yẹ kí n rà? Mo pa fóònù dé.

Ibi tí mo ti ń káàánú ara mi lórí status ni ẹlòmíì ti bọ́ sí i. "Bọ̀ọ̀dá, mo lè bá yín gbà á padà, ₦10,000 péré." Ó ní kóòdù oní-nọ́ńbà 6 máa wọ fóònù mi, kí n kà á fún òun. Kóòdù wọlé lóòótọ́, àmọ́ WhatsApp ló fi í ránṣẹ́. Ká ní mo kà á ni, òun ni ì bá máa fi orúkọ mi yá owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ń ṣe mí bíi pé ọ̀rẹ́ ni òun àti ti àkọ́kọ́.

Tí akáǹtì bá jẹ́ tiyín fúnra yín, ẹ wọ Gmail àti Facebook yín lónìí, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ àwọn fóònù tó wà nínú ẹ̀ sí. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ lé e jáde. Ẹ tan ààbò onígbésẹ̀ méjì (2-Step Verification), èyí tó ń béèrè nǹkan míì, bíi kóòdù, lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù. Google máa ń fúnni ní kóòdù ìpamọ́ 10 fún ọjọ́ tí fóònù bá sọnù. Inú ìwé tí mo ń kọ gbèsè sí ni mo kọ tèmi sí, torí ìwé yẹn kì í sọnù láé. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń fi nọ́ńbà fóònù yín ṣe pásíwọ́ọ̀dù níbi gbogbo, tí ẹ tún ń wọ akáǹtì yín lórí fóònù ọ̀rẹ́, mo ti bá yín wí ní ṣọ́ọ̀bù tó. Líǹkì CP ọ̀fẹ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín, ojú ìwé tó jọ ti Facebook ló ń gbé yín lọ, kí ẹ lè fọwọ́ ara yín tẹ pásíwọ́ọ̀dù yín sílẹ̀ fún olè.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà, mi ò lè dè yín lókùn. Ẹ bi í pé kí ló kù tó so mọ́ akáǹtì náà, kí ẹ sì di owó tó pọ̀ mú títí ọjọ́ 7 yóò fi kọjá. Èmi ò ní rà mọ́.

Lọ́jọ́ Sunday ni ẹnìkan fi àwòrán akáǹtì náà hàn mí, ó ti tún wà lọ́jà. ₦50,000 ni báyìí. Ipò tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin àti dátà mi jà gùn dé ló fi ń polówó ẹ̀.