Irinṣẹ́ oníná wo ni kò ní máa já bírékà ilé yín? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ nínú ilé n'Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ sọ yàrá kan nínú ilé rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ Akóbọ̀ ló ń gbé tàbí Mọ́níyà, wáàtì ló máa ń kọ́kọ́ wò lára irinṣẹ́. Á ṣírò rẹ̀ pé gíráńdà 2,200 wáàtì lórí iná 230 fólítì kò tó ámpù mẹ́wàá, bírékà òun sì jẹ́ ámpù 20, kò séwu. Síbẹ̀, bó ṣe tẹ bọ́tìnnì báyìí, ilé á ṣókùnkùn. Ìṣirò yẹn kò burú, àmọ́ iná tí irinṣẹ́ ń jẹ lẹ́yìn tó bá ti ń yí ló sọ. Iná tó ń fà nígbà tó ń dìde ló ń já bírékà, òun sì ni kí ẹ fi ṣe ìfiwéra kí ẹ tó náwó.

Èyí tó ní soft start àti èyí tí kò ní

Gíráńdà ínṣì 9, ayùn rọ̀bọ̀tọ̀ àti pílánà, ẹ̀ńjìnnì oníkábọ́ọ̀nù ló wà nínú wọn, ìyẹn èyí tí kábọ́ọ̀nù kéékèèké ń gbé iná wọ apá tó ń yí. Bí wọ́n bá ń dìde, wọ́n máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan ju ohun tí wọ́n kọ sára wọn lọ, kó tó tó ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n á ti fà á tán. Lọ́jà, ẹ máa rí méjì tí wáàtì wọn dọ́gba, tí wọ́n kọ soft start sára páálí ọ̀kan, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí irinṣẹ́ dìde díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn máa ń gbówó lórí díẹ̀. Bí irinṣẹ́ bá ti ń sún mọ́ 1,800 wáàtì, òun ni kí ẹ rà. Kò sí ibòmíì tí owó yín ti máa ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má kàn gba páálí gbọ́ o. Bí ẹ bá dé Ògùnpa, ẹ ní kí ọlọ́jà ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fọwọ́ ara yín dì í mú. Èyí tí kò ní soft start máa ń ta lọ́wọ́ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já okùn, gílóòbù ṣọ́ọ̀bù náà á sì ṣẹ́jú. Èyí tó ní, ohùn rẹ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ yín ò ní mì. Ẹni tó ti ra èyí tí kò ní, oníṣẹ́ iná lè bá a fi soft start kékeré kan sí i, àmọ́ irinṣẹ́ oníkábọ́ọ̀nù nìkan ni irú èyí wà fún. Ẹ má gbé e sára kọ́ńpírẹ́sọ̀ láéláé.

Ti dírílì àti gíráńdà kékeré, ẹ má da ara yín láàmú. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ rà.

Oníkábọ́ọ̀nù àti aláìníkábọ́ọ̀nù

Kọ́ńpírẹ́sọ̀ àti ayùn orí tábìlì ńlá kì í sábà lo kábọ́ọ̀nù. Ẹ̀ńjìnnì wọn kì í pariwo tó ti oníkábọ́ọ̀nù, wọ́n sì máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìṣòro wọn ni pé wọ́n lè fa iná ní ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́jọ nígbà tí wọ́n bá ń dìde: kọ́ńpírẹ́sọ̀ 2 hp tó ń jẹ ámpù bíi 9 lè fa 60. Ẹ wá fi iná àdúgbò wa kún un. Bí fólítì bá já sí 170 nírọ̀lẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń tan nǹkan, agbára tí ẹ̀ńjìnnì yìí fi ń dìde á já wálẹ̀ débi pé díẹ̀ ló máa fi ju ìdajì lọ. Á máa kùn hùn-ùn láìyí, á sì máa fa iná gọbọi, títí bírékà á fi já tàbí tí kọ́ìlì á fi jóná.

Nítorí náà, bí iná àdúgbò yín kì í bá kún, ayùn orí tábìlì oníkábọ́ọ̀nù tó ní soft start ni kí ẹ mú, bó tilẹ̀ ń pariwo. Kọ́ńpírẹ́sọ̀ 1 hp náà tó fún kíkun àga àti àpótí. Ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ẹ tó tàn án, á rọrùn fún un láti dìde.

Bírékà B20 àti C20

Ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà. B20 máa ń já lójú ẹsẹ̀ bí iná bá wọ ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún, ìyẹn ámpù 60 sí 100. C20 á fara dà á títí dé ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá, 100 sí 200. Ámpù 20 kan náà ni àwọn méjèèjì gbà kí wáyà máa gbé lọ, nítorí náà C ló dáa fún ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tó ń yọ 20 kúrò tí wọ́n ń fi 40 sí i lórí wáyà 2.5 mm². Wáyà inú ògiri ni bírékà ń ṣọ́. Bí ẹ bá fi 40 sí i, wáyà á gbóná títí á fi gbiná, bírékà ò sì ní já.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa wáyà ọ̀tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù, kí gílóòbù ibẹ̀ sì wà lórí bírékà mìíràn. Bí bírékà bá já nígbà tí ayùn ṣì ń yí, ẹ ó nílò ìmọ́lẹ̀.

Wáyà 1.5 àti 2.5

Lórí ẹkitẹ́ńṣọ̀n 1.5 tó gùn ní mítà 30, bí ámpù 10 bá ń kọjá, fólítì bíi 9 ló ń sọnù sójú ọ̀nà. Lórí 2.5, kò ju 5 àti ààbọ̀ lọ. Bí irinṣẹ́ bá ń dìde pẹ̀lú ámpù 60, ohun tó ń sọnù á di ìlọ́po mẹ́fà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú wáyà kí ẹ tó sanwó: bí inú rẹ̀ bá funfun, kì í ṣe kọ́pà gidi. Ẹ sì máa tú ẹkitẹ́ńṣọ̀n tó ká sára kẹ̀kẹ́ tán kí ẹ tó lò ó, torí ooru kì í rí àyè jáde nínú wáyà tó ká.

Bátìrì àti jẹnẹrétọ̀

Bátìrì 18 fólítì, 5 Ah, wáàtì 90 fún wákàtí kan ló wà nínú rẹ̀. Fún dírílì àti dídè skúrù, ó ju oníwáyà lọ, ẹ sì lè fi ínfátà gbà á lágbára. Àmọ́ fún lílà pákó ìrókò tí ẹ rà ní Bódìjà, iná inú rẹ̀ kò tó ayùn 1,400 wáàtì lò fún ìṣẹ́jú mẹ́rin bó bá ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń gbé lọ́wọ́ kan kò lè gbé ju dírílì lọ. Gíráńdà ńlá tó ní soft start fẹ́ bíi 3.5 kVA, kọ́ńpírẹ́sọ̀ 2 hp fẹ́ 5 kVA ó kéré tán, kí ẹ sì kọ́kọ́ tàn án kí ẹ tó tan ohun mìíràn.