Ọta Nọ́ńbà 6 fún Òrofó Tó Ń Fò Lókè: Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Kuje

Ní Abuja tí mo ń gbé, àwọn oko Gbagyi tó wà lẹ́yìn Kuje ni mo ti máa ń dẹ òrofó, pẹ̀lú ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí mo ní ìwé àṣẹ rẹ̀ àti ìyọ̀ǹda olóko. Bí èso ọdán bá ti pọ́n, agbo wọn á máa gba orí igi kọjá bí òkò tí a sọ. Wọ́n ní ẹnu òrofó ní ń pa òrofó, ṣùgbọ́n àwọn tèmi kì í sọ̀rọ̀ rárá.

Ẹni tí ń ta ọta fún mi ní kí n ra BB, ìyẹn irú ọta kan, nítorí pé hóró òjé tó wà nínú rẹ̀ tóbi. Ó ń dé òkè lóòótọ́, àmọ́ nǹkan bí 80 hóró péré ni ó wà nínú gíráàmù 32, àlàfo àárín wọn sì fẹ̀ débi pé odindi ẹyẹ lè gba ibẹ̀ kọjá láìfarapa. Ọta mẹ́sàn-án ni mo yin lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ẹyẹ kan ni mo gbé wálé, àyà rẹ̀ sì ti ya kọjá ohun tí a lè sè.

Nígbà tí mo ra nọ́ńbà 6, gíráàmù 30, tí hóró rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.6, mo fa òbìrìkìtì tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 76 sára páálí, mo dúró sí mítà 36, mo sì fi ẹnu ìbọn tí ó fún díẹ̀ yin ín. Ihò 168 ni mo kà. Ti BB jẹ́ 47, odindi àtẹ́lẹwọ́ mi sì wọ àlàfo rẹ̀ níbi púpọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń na ìbọn síwájú ẹyẹ dáadáa, ó ń já bọ́ ní òkú. Ju mítà 40 lọ, èmi kì í yin ín, nítorí pé hóró kékeré tètè ń rẹ̀, ẹyẹ á sì fi ọgbẹ́ wọ igbó lọ. Awó, tí ara rẹ̀ le, nọ́ńbà 5, tí hóró rẹ̀ tóbi díẹ̀ ju ti 6 lọ, ni mo ń lò fún un.

Àléébù kan wà: ọta méjì nínú 25 kò dún, mo sì ní láti dojú ìbọn kọ ibi tí kò séwu fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí n tó ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Gwagwalada tún fẹ́ yá nínú ọta náà fún ìbọn àtijọ́ tí a kọ 65 (mìlímítà) sí lára, bẹ́ẹ̀ 70 ni ọta tèmi. Gígùn ọta lẹ́yìn tí a bá yin ín ni nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí, ìdí nìyí tí ọta 70 fi lè wọ ilé ọta inú ìbọn 65 láìsí wàhálà, tí ẹnu ọta náà kò sì ní ráyè ṣí tán bí a bá yin ín, tí agbára ẹ̀tù á wá pọ̀ ju ohun tí irin ìbọn lè gbà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò ní fún yín.” Wọ́n bínú díẹ̀, wọ́n sì ra 65 ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.