Kíláàsì kan ṣoṣo àbí kí n pín wọn sí méjì?

Ní Lágere níbí, n'Ílé-Ifẹ̀, mò ń kọ́ àwọn èèyàn fún ìdánwò CompTIA A+, ìyẹn ìdánwò ìwé ẹ̀rí fáwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹni tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe látọdún mẹ́fà àti ẹni tí ò tú u wò rí ló jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Tí wọ́n bá jọ wà pa pọ̀, ó máa ń dùn gan-an lọ́jọ́ tá a bá ń tú ẹ̀rọ, torí ẹni tó ti mọṣẹ́ á di ọwọ́ ọmọ tuntun mú, á fi hàn án bó ṣe máa ti RAM, ìyẹn mẹ́mórì kọ̀ǹpútà, wọlé títí á fi dún kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àmọ́ tó bá ti kan network, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wàhálà dé: ọ̀kan ti mọ̀ pé port 443 (port dà bí ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà) ni HTTPS, ọ̀nà tó ń dáàbò bo ìsọfúnni lórí ìkànnì, ń lò, ìkejì ṣì ń bi mí pé kí tiẹ̀ ni port, tó bá yá ojú á máa tì í, ò ní béèrè mọ́. Ìyẹn máa ń dùn mí.

Pípín wọn ńkọ́? Owó epo jẹnẹrétọ̀ á di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ìdánwò A+ fúnra ẹ̀, méjì ni, Core 1 àti Core 2, ìṣẹ́jú 90 ni ìkọ̀ọ̀kan, ẹni tí ìpìlẹ̀ ẹ̀ ò dáa ò lè bá a.

Èmi o, a jọ ń tú ẹ̀rọ láàárọ̀ Sátidé, network nìkan ni mo pín wọn fún.