Onígbàjámọ̀ kan ní Bódìjà tí kì í pa ọmọkùnrin lẹ́nu mọ́

Ìgẹrun wọn dára, wọ́n sì ń fi sípíríìtì nu kílípà kí ó tó kan orí ẹlòmíràn. Ohun tó ń mú kí n gbé ọmọkùnrin mi kọjá ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lọ síbẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, bí ariwo ẹ̀rọ bá ba ọmọdé lẹ́rù tí ó sì bú sẹ́kún, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin kì í sunkún. Ọ̀gá ti ibí yìí máa ń pa ẹ̀rọ, á bi ọmọ náà ní ohun tó ń bà á lẹ́rù, á sì dúró gbọ́ èsì. Bí bàbá bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu, á ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Lójú tèmi, àwa bàbá gan-an ló ń kọ́. Ojú mi ni ọmọ kan tó ti ń hu irùngbọ̀n ṣe sọ pé ìdánwò JAMB ń já òun láyà. Bàbá rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó wá jẹ́wọ́ pé ó já òun náà láyà nígbà tòun.

Àgbàlagbà kan pe èyí ní àkẹ́jù tí a kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó. N kò gbà. Níbi ìṣípà ọdẹ, àwọn ọkùnrin tó ń wọ igbó òru ló ń sun ìrèmọ̀jé ní gbangba, tí wọ́n ń fi ohùn arò dárò ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú, kò sì sẹ́ni tó sọ pé wọn kì í ṣe ọkùnrin mọ́.

Àléébù kan wà. Ní Amẹ́ríkà, The Confess Project, tí Lorenzo Lewis dá sílẹ̀ ní 2016, ń kọ́ àwọn onígbàjámọ̀ bí wọn yóò ṣe máa tẹ́tí sí ìrora ọkàn àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Ọ̀gá tiwa kò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára rẹ̀, kí ó lè darí ọmọ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH, tí kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹ má mú ọmọ lọ ní ọ̀sán Sátidé: ariwo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù àti tẹ́tẹ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday ló dára jù.