Ẹ̀kọ́ alájùmọ̀ṣe fún ọ̀dọ́ olùwádìí òfuurufú: ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó

Ohun kan ló mú kí n máa gbóríyìn fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì yìí: wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá dátà túmọ̀. Onífísíìsì, oníkẹ́mísìrì, onímọ̀ ìlera àti ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kó sínú ẹgbẹ́ kan, dátà kan náà ni wọ́n sì ń bá yí títí ẹ̀kọ́ á fi parí.

Iṣẹ́ bàlúùnù ló wù mí jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń fi hílíọ̀mù kún un kí wọ́n tó so radiosonde mọ́ ọn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìgbóná àti ọ̀rinrin bó ṣe ń gòkè, tó sì ń fi rédíò ránṣẹ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí bàlúùnù náà máa gòkè ní nǹkan bíi mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gáàsì bá kéré, á máa falẹ̀, atẹ́gùn á sì ti gbé e jìnnà kó tó ga. Bí ó bá pọ̀ jù, rọ́bà rẹ̀ á ti fẹ̀ tán, á sì bẹ́ kó tó dé nǹkan bíi kìlómítà 30. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kọ́ni bí a ṣe ń fura sí nọ́ńbà. Lọ́sàn-án, oòrùn máa ń mú sẹ́nsọ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, pàápàá lókè tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Sẹ́nsọ̀ ọ̀rinrin náà máa ń lọ́ra nínú òtútù líle: bàlúùnù á ti jáde nínú àwọsánmà, ọ̀rinrin inú àwọsánmà náà ló ṣì máa ń kà. Ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé àwọsánmà nípọn ju bó ṣe rí lọ.

Lórí PM2.5 ni àǹfààní àjọṣe ti hàn kedere. Ìmọ́lẹ̀ ni sẹ́nsọ̀ olówó pọ́ọ́kú fi ń ka eruku àti èéfín kíkúnná yìí. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, àwọn tó jẹ́ oníyọ̀ nínú wọn á fa omi mọ́ra, wọ́n á wú, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń tú ká á pọ̀ sí i, ẹ̀rọ á sì ka omi mọ́ èéfín. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni èyí máa ń burú jù. Bí oníkẹ́mísìrì kò bá sí nítòsí láti ṣàlàyé, onímọ̀ ìlera lè so àìsàn mọ́ èéfín tí kò sí rárá.

Ẹ̀kọ́ lórí ERA5, dátà ojú ọjọ́ gbogbo àgbáyé láti ọwọ́ ECMWF (àjọ ilẹ̀ Yúróòpù tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́), tó ń fúnni ní nọ́ńbà wákàtí-wákàtí láti ọdún 1940, dára gan-an nítorí pé àwọn ọ̀fìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn. Mítà ni wọ́n fi ń wọn òjò níbẹ̀. Ẹ ní láti fi 1000 sọ ọ́ di pupọ̀ kó tó di mìlímítà. Kelvin ni ìgbóná wà, ẹ yọ 273.15. Àríwá ni látítúùdù ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí gúúsù, nítorí náà bí ẹ bá gé e láti nọ́ńbà kékeré sí ńlá nínú xarray, irinṣẹ́ èdè kọ̀ǹpútà Python fún irú dátà yìí, òfo lẹ máa bá, kò sì ní sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe.

Ibi tó ti kùnà ni WRF, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò bí ojú ọjọ́ á ṣe rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un, fífi í sórí kọ̀ǹpútà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù, torí pé kọ́ńpáílà (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò) tí wọ́n fi ṣe netCDF, àkójọ kóòdù tí WRF fi ń ka fáìlì dátà, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe WRF. Kí wọ́n pèsè kọ̀ǹpútà tí gbogbo rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi àkókò náà ṣe ni ìgbésẹ̀ àkókò, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìṣirò fi ń tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan: bí ìbú àpótí gíríìdì bá jẹ́ kìlómítà 3, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 18, bí ìṣirò bá dàrú lórí òkè ńlá, ẹ dín in kù sí 12.

Lidar náà, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wo inú afẹ́fẹ́, àlàyé ẹnu lásán ni. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run kúrò nínú dátà, tàbí fi jíjìnnà sọ ọ́ di pupọ̀ lẹ́ẹ̀mejì (r²), bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mẹ́nu ba ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ kì í rí dáadáa.

Ẹni tí kò tíì lè fi Python ṣí fáìlì kó yà á sí àwòrán, kó kọ́kọ́ kọ́ ìyẹn ná. Ẹni tó bá sì ń bọ̀, kó mú dátà tirẹ̀ dání, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ náà wò kẹ́yìn àti ohun tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa bi í nìyẹn.