Ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò dàbínù tó ní Bilma lòun ti ń kó ọjà

Ẹ̀yin olójà ẹgbẹ́ mi ní Ìkòròdú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ra dàbínù sílẹ̀ de ààwẹ̀, ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin kan ń kiri inú àwọn gúrúùpù WhatsApp wa, ó ní tààrà láti Bilma, ní orílẹ̀-èdè Niger, lòun ti ń kó dàbínù, pé kò sí alárinà kankan níbẹ̀. Olè ni. Mo tún un sọ, olè ni!

Kì í ṣe Hausa o, kí ẹnikẹ́ni má lọ bú àwọn ará Sábó. Yorùbá pọ́ńbélé ni. "Àlàájà mi" ló ń pè mí, ó ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ mi lórí fóònù.

Owó àpò dàbínù mẹ́wàá ló gbà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Ìgbà yẹn ni ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ti wà ní Bilma, ṣùgbọ́n kò lè gbéra àfi kí àwọn ṣọ́jà tó máa sìn wọ́n dé ìlú Agadez wá. Ó ní kí n fi ₦40,000 ránṣẹ́ fún oúnjẹ awakọ̀. Mo fi ránṣẹ́. Ó tún ní ọkọ̀ rì sínú iyanrìn, ₦65,000 ni wọ́n máa fi fà á jáde. Mo tún fi ránṣẹ́.

Ẹ má bi mí pé ṣé ojú mi fọ́ ni. Irọ́ tí òótọ́ wà nínú rẹ̀ ló ń pa fún mi. Bilma wà lóòótọ́, ní orílẹ̀-èdè Niger, lẹ́yìn aṣálẹ̀ Ténéré. Ó lé ní 500 kìlómítà sí Agadez, iyanrìn ló pọ̀ jù láàárín wọn. Omi wà níbẹ̀, igi dàbínù wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn oníràkúnmí ti ń sinmi láti ayé àtijọ́, tí wọ́n ń ra iyọ̀ àti dàbínù kí wọ́n tó padà. Àwọn ọkọ̀ sì máa ń dúró de ṣọ́jà lójú ọ̀nà yẹn lóòótọ́. Mo tiẹ̀ bi bàbá kan tó ń ta iyọ̀ màlúù ní Sábó, ó ní òun mọ iyọ̀ Bilma dáadáa, kantu ni wọ́n ń pè é. Ta ni kò ní gbà gbọ́?

Igi ló tú àṣírí rẹ̀. Ó fi fọ́tò igi kan ṣoṣo láàárín iyanrìn ránṣẹ́, ó ní abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wa sùn mọ́jú, pé igi Ténéré tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó ní, "Àǹtí, awakọ̀ kan ti fi ọkọ̀ wó igi yìí lulẹ̀ láti ọdún 1973." Òkú igi náà wà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey, olú ìlú Niger, irin ni wọ́n gbé nàró dípò rẹ̀. 1973! Wọn ò tíì bí mi!

Nígbà tí mo bú u, ó yáa kó àpò mẹ́rin wá. Ẹnu àpò, dàbínù tó ń dán. Òróró ló fi pa á. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, inú rẹ̀ móoru, ó ń rùn bí ọtí tó ti kan. Mo dà á sórí ẹní: òkúta wẹ́wẹ́, kóró lásán, èyí tí kòkòrò ti jẹ. Kòkòrò ń gun ẹsẹ̀ mi lójú àwọn oníbàárà tó ti san àsansílẹ̀. Ojú tì mí, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bínú sí. Rárá o, òun ni kí n bínú sí! Owó àjọ! Owó ọmọ ọlọ́mọ!

Ẹ má sanwó kí ẹ tó rí ọjà. Ìdí àpò ni kí ẹ tú, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun wà lọ́nà, ẹ ní kó pè yín ní fídíò lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tí a ń fojú rí gan-an ńkọ́? Èyí tó tà fún mi ní Máìlì 12 lọ́dún tó kọjá, kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọlé ló fi wọ̀n ọ́n. N kò fọkàn tán ẹnì kankan nínú wọn mọ́.

Ó ti yí fọ́tò rẹ̀ padà báyìí o. Iyọ̀ Bilma ló ń polówó, àwọn tó ń sin àgbò de Iléyá ló ń wá kiri. Ẹ̀yin tí ọkùnrin yìí bá ti gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹ kó álẹ́ẹ̀tì yín dání, ká jọ lọ sí tẹ́ṣàn lọ́jọ́ Ajé.