Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra séfítì búùtù lórí fóònù, ẹ ṣọ́ra o: àkọ́kọ́ á dáa, àwọn tó tẹ̀lé e ni gbájúẹ̀

Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin áyọ̀n bẹ́ńdà, ẹ̀yin kápẹ́ńtà, ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ kó ọmọ iṣẹ́ sábẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó sanwó búùtù fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ta búùtù gbájúẹ̀ fún mi, ó ti pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì látìgbà yẹn, bó ṣe ń ṣe é gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ìparí oṣù kẹta ni mo kọ́kọ́ ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ni sáìtì tí mo wà, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí mọ̀ pé omi ni ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ ò tíì gbẹ́ fandéṣọ̀n jìnnà tí omi á ti máa sun jáde, ká má tíì sọ pé òjò dé. Mo wá rí fídíò tó gbé síta, ó ki búùtù kan bọ bàsíà omi, ó fi òòlù lu iwájú ẹ̀ gbà gbà gbà, ó ní ojúlówó ni, irin wà níwájú ẹ̀, omi ò lè wọ̀ ọ́ láéláé. Mo ra ẹyọ kan, 35,000 náírà. Kí n sọ òótọ́ fún yín, búùtù yẹn dáa. Òun ni mo ṣì ń wọ̀ títí dòní. Ó le díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gìgísẹ̀ mi bó lọ́jọ́ kejì, àmọ́ nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì awọ ẹ̀ ti rọ̀, mo lè wọ̀ ọ́ láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí ẹsẹ̀ má ro mí.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an nìyẹn.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́fà ń wọ sílípáàsì àti kánfáàsì tó ti ya wọnú kọnkéré, ó sì ń dùn mí pé èmi nìkan ni mo wọ bàtà gidi. Mo pe bọ̀bọ́ yẹn, ó ní "ọ̀gá mi, tó bá jẹ́ mẹ́fà lẹ fẹ́ kó, ẹ mú 30,000 30,000 wá, torí yín ni mo ṣe ṣe é o." Mo san 180,000, mo tún fi 5,000 sí i fún wéébíìlì. Ọjọ́ kẹta ẹrù dé, páálí kan náà, àwọ̀ kan náà, wọ́n kọ S3, àmì ìpele séfítì búùtù, gàdàgbà sára páálí. Inú àwọn ọmọ dùn débi pé wọ́n ń ya fọ́tò. Mi ò yẹ ọ̀kankan wò. Kí ni mo tún fẹ́ yẹ̀ wò, ṣebí irú ẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ mi?

Ọ̀sẹ̀ kejì la da kọnkéré fandéṣọ̀n. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ wa lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń fi ṣọ́bìrì tẹ́ kọnkéré pè mí lọ́sàn-án, ó ní "brọ̀dá, omi ń wọ bàtà mi o." Mo wo ẹsẹ̀ tèmi, ó gbẹ. Mo ní bóyá òkè ló gbà wọlé, mo ní kó jẹ́ ká parí ẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Ìgbà tó bọ́ bàtà nírọ̀lẹ́, omi sìmẹ́ńtì ló dà jáde níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti hun jọ. Tó di òru ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ata, nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, awọ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ti dúdú, ó ń bó. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ẹ̀ ló là mí lóye pé omi sìmẹ́ńtì máa ń jó ara bíi ti sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, pH ẹ̀ máa ń ju 12 lọ, kì í sì í tètè dunni, ó lè ti máa jẹ awọ lọ fún wákàtí mélòó kan kéèyàn tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Torí náà tí ọmọ yín bá ní omi kọnkéré wọ bàtà òun, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ o, kó bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kó fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa, omi tó pọ̀, kó sì pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀.

Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá sígbà yẹn tí bulọ́ọ̀kù fi jábọ́. Bulọ́ọ̀kù 6 ínńṣì, ọwọ́ lébìrà kan ló ti bọ́, kò ga ju ìbàdí lọ, orí ìka ẹsẹ̀ ọmọ míì ló bọ́ sí. Ohun tí wọ́n pè ní irin tẹ̀ wọnú bí agolo, etí ẹ̀ sì tún gé ọmọ ọlọ́mọ nínú bàtà. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣí kúrò, X-ray fi hàn pé egungun ti sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi jókòó sílé, èmi ni mo ń fún un lówó oúnjẹ. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé torí irú ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń fi irin síwájú bàtà. Búùtù tó bá gba EN ISO 20345 lóòótọ́, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń dán séfítì búùtù wò, irin iwájú ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìkọlù 200 joule, ìyẹn ni pé kí nǹkan tó wọn kílò 20 já lé e láti òkè tó tó mítà 1 kó má tẹ ìka ẹsẹ̀ pa. Bulọ́ọ̀kù yẹn ò tiẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo mú ayùn irin, mo la búùtù náà sí méjì. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo bá níbẹ̀, kò nípọn ju ti agolo mílíìkì lọ. Mo la òmíràn, ike lásán ló wà níwájú ìyẹn. Abẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, páálí ni wọ́n gé síbẹ̀, omi sì ti jẹ ẹ́ di ẹ̀kọ. Gọ́ọ̀mù nìkan ló di sóòlù mú, mẹ́ta nínú mẹ́fà ti ń lanu. Mo wá gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú ahọ́n tèmi, wọ́n rán lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, CE, àmì ilẹ̀ Yúróòpù, wà níbẹ̀, EN ISO 20345 wà níbẹ̀, S3, WR tó jẹ́ àmì ti omi, nọ́ńbà ẹsẹ̀, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Tiwọn, yíǹkì ni wọ́n kàn fi tẹ̀ ẹ́, mo fi itọ́ nù ún, ó pa rẹ́. Ṣé ẹ rí i, ìjẹ ẹnu ìwọ̀ ni ẹyọ kan tí mo kọ́kọ́ rà. Ó mọ̀ pé ọ̀gá sáìtì tó bá ra ẹyọ kan tó sì dáa, ó ń padà bọ̀ wá kó púpọ̀, ìgbà yẹn kò sì ní yẹ nǹkan kan wò mọ́. Nígbà tí mo tún bi àwọn èèyàn léèrè, àwọn méjì míì sọ fún mi pé bó ṣe ṣe àwọn náà nìyẹn.

Mo pè é. Ó kọ́kọ́ ní kí n ṣe sùúrù, òun máa bi ọ̀gá òun. Ìgbà tó yá ó ní ó wà lórí pèèjì òun pé owó tó bá ti wọlé kò ní jáde mọ́. Lẹ́yìn náà ó bulọ́ọ̀kì mi. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ owó tí ò ní jáde yẹn o, òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, fún ẹni tó ra ọjà tó bàjẹ́ láṣẹ láti dá a padà kó gbowó ẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀rí tíránsífà, ẹ ya fọ́tò ọjà lọ́jọ́ tó bá dé. Mo ti kó gbogbo tèmi ránṣẹ́ sí FCCPC.

Ní ti omi, kódà ẹni tí kì í ṣe gbájúẹ̀ máa ń ṣì yín lọ́nà. S3 ò túmọ̀ sí pé omi ò lè wọlé rárá, ohun tó ń sọ ni pé awọ òkè ẹ̀ kì í tètè fa omi, ohun tí ìṣó ò lè gún sì wà lábẹ́ ẹ̀. WR ni kẹ́ ẹ wá, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ èyí tí gbogbo bàtà ẹ̀ kò gba omi, lára àwọn tuntun tí wọ́n ń ṣe látọdún 2022, S7 ni wọ́n ń kọ fún èyí tó jẹ́ S3 tó tún ní WR. Tó bá sì jẹ́ pé inú kọnkéré tútù lẹ ń dúró sí, ẹ fi aláwọ sílẹ̀, ẹ lọ ra réèn búùtù tó ní irin níwájú àti lábẹ́, S5 ló máa wà lára ẹ̀. Ó máa ń mú ẹsẹ̀ gbóná lóòótọ́, ẹsẹ̀ á làágùn, àwọn ọmọ mi máa ń bọ́ ọ tí wọ́n bá fẹ́ jẹun, wọ́n sì ń mú ìbọ̀sẹ̀ méjì dání. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó làágùn sàn ju ẹsẹ̀ tó bó lọ.

Ní báyìí ṣọ́ọ̀bù ni mo ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni mo sì máa ń lọ torí ẹsẹ̀ ti máa ń wú nígbà yẹn, mo máa ń mú ìbọ̀sẹ̀ iṣẹ́ dání. Gbogbo ẹ̀ ni mò ń yẹ̀ wò, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì. Màá ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ títí n ó fi kan etí irin yẹn, màá fi gìgísẹ̀ tẹ iwájú ẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, tó bá yọ́ wọnú mo ti lọ nìyẹn. Ẹ má gbára lé mágínẹ́ẹ̀tì o, mágínẹ́ẹ̀tì á lẹ̀ mọ́ páànù agolo náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ojúlówó tí kì í ṣe onírin wà. Lẹ́yìn náà màá wọ̀ ọ́, màá lóṣòó bí ẹni tó fẹ́ to bulọ́ọ̀kù, torí ibẹ̀ ni irin ti máa ń gé ìka. Tí mo bá délé, màá ki tíṣù bọ inú ẹ̀, màá gbé e sínú omi fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo sì ti bá oníṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé tí tíṣù bá tutù mò ń gbé e padà bọ̀. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é náà, búùtù tí sóòlù ẹ̀ jẹ́ PU, ìyẹn irú ike kan tó rí bíi fóòmù, tó bá ti pẹ́ jù nílé ìkẹ́rùsí, ooru àti ọ̀rinrin á ti jẹ ẹ́ láti inú, ẹ lè má tíì wọ̀ ọ́ rí kó máa rún bí búrẹ́dì. Irú wọn ni wọ́n máa ń fi owó pọ́ọ́kú lọ̀ yín.

Fídíò kan náà ló ṣì ń lò lábẹ́ orúkọ tuntun: bàsíà búlúù, òòlù onígi tí wọ́n fi téèpù pupa wé ọwọ́ ẹ̀, ilẹ̀ onítáìsì funfun. Ẹni tó bá rí i, kó jọ̀ọ́ kó sọ orúkọ tó ń jẹ́ báyìí fún mi ní ínbọ́ọ̀sì, kí n lè fi kún èyí tí mo ti fi ránṣẹ́ sí FCCPC.